Ilẹ̀kùn Kristófà ní Ìsánlú-Ìsìn

Ìrókò ni Bàbá fi gbẹ́ Kristófà,
òmìrán tí ń gbé èèyàn sọdá odò.
Fáàdá ṣí ìwé, ó fi àwòrán hàn án:
irùngbọ̀n, ọ̀pá, Ọmọ kékeré tó gbé kọ́rùn,
tó ń wúwo sí i bí odò ṣe ń jìn.

Bàbá wò ó títí. Ó pa ìwé dé.
Odò tó gbẹ́, Ọ̀ṣìn wa ni, lóṣù kẹsàn-án
ọdún tí afárá wó, tí mo sì gbọ́dọ̀ dé ilé ìwé.
Ẹja àrọ̀ méjì ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ òmìrán.
Ṣòkòtò tó ká dé itan, ti Bàbá ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn kọ́,
Fáàdá bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ọrùn ẹsẹ̀ Jésù.
“Abọ́dúnrìn, àpá kí nìyí?”
“Kókó igi ni, Fáàdá.”
Mo wo ẹsẹ̀ tèmi,
ibi tí ẹ̀kọ gbígbóná dà sí.

Wọ́n ní Kristófà bi Ọmọ náà pé,
“Èéṣe tí o fi wúwo bí ayé?”
Bàbá ò bi mí rí.
Ó kàn ń mí hẹlẹ,
ó ń fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nínú omi.