Omi Gbígbóná

Fóònù dún ní kùtùkùtù, n kò tí ì fẹnu kan tíì.
"Ṣé ẹ̀yin lẹ fọ kápẹ́ẹ̀tì mi?"
Ohùn obìnrin. Ó tutù bí yìnyín orí òkè Erciyes.
"Ẹ wá wo ohun tí ẹ ṣe."

Mo mọ ohun tí à ń sọ.
Ferit ọ̀gá mi ti fi kọ́ mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ábídí:
kọ́kọ́ ní, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa.
Lẹ́yìn náà ní, irun àgùntàn ọ̀hún ló ti gbó.
Bí kò bá gbà, ní kó yí rìsíìtì padà,
níbi tí lẹ́tà wa ti kéré bí ẹsẹ̀ èèrà:
àwọ̀ tó bá ṣí, kò kàn wá.
Mo ka gbogbo rẹ̀. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi.
Ó kàn ní, "Àjà kẹrin ni mò ń gbé. Lífíìtì wa ti bàjẹ́."

Mo gun àtẹ̀gùn. Mo bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà,
ìbọ̀sẹ̀ mi sì ti já níbi àtàǹpàkò.
Kápẹ́ẹ̀tì náà wà nílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lù lálùbolẹ̀.
Pupa ti ṣàn wọnú funfun.
Etí rẹ̀, tó yẹ kó rí bíi wàrà,
ti di ojú ẹni tó sunkún mọ́jú.
Ẹyẹ mẹ́rìndínlógún ló tò yí i ká,
gbogbo wọn bí ẹyẹ tó gba inú ọbẹ̀ tòmátì kọjá.

Sabahat kò pariwo.
Ká ní ó pariwo ni, ǹ bá mọ̀ ọ́n ṣe;
èèyàn a tẹrí ba fún ariwo títí yóò fi kọjá.
Ó bu tíì sínú ife kékeré, ó fi ṣúgà méjì tì í.
Ó ní, "Ìgbà tí àfẹ́sọ́nà mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun ni mo hun ún.
Oṣù mẹ́rìnlá.
Ìka yìí ṣẹ̀jẹ̀. N kò jẹ́ kó kan funfun."
Ó na ìka náà sí mi. Àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Mo gbé ife kalẹ̀.
Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi há mi lọ́fun bí eegun ẹja.
"Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ìyá. Mọ́kànlá ló wà nílẹ̀,
mo sì fẹ́ tètè lọ wo bọ́ọ̀lù.
Omi tútù ló yẹ kí n lò. Omi gbígbóná ni mo lò.
Kì í ṣe irun àgùntàn. Kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀.
Èmi ni."

Yàrá pa lọ́lọ́.
Mo ń gbọ́ fíríìjì tó ń kùn ní kíṣìnì.
Wọ́n ní òótọ́ korò. Ti ọjọ́ náà kò korò, ó kàn wúwo,
ó jókòó sáàárín wa bí àlejò tí kò fẹ́ dìde.

Nígbà tó yá, ó ní, "Bọ́ọ̀lù ọ̀hún ńkọ́?"
Mo ní wọ́n jẹ wá ní góòlù mẹ́ta.
Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ferit yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù mi.
Ó ṣì ń yọ ọ́.
Gbogbo Jímọ̀ ni mò ń gun àtẹ̀gùn yẹn báyìí,
èmi, omi tútù, fínígà, àkísà funfun.
Mo ń kúnlẹ̀, mo ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, n kì í ra á:
ẹni tó bá ń ra àbàwọ́n, ó ń rì í mọ́lẹ̀ ni.
Ẹyẹ méje ti ń funfun bọ̀. Mẹ́sàn-án kò tí ì gbọ́.
Sabahat kò tí ì ní òun dárí jì mí, n kò sì bèèrè.
Hikmet ló ń pè mí. Orúkọ mi kọ́ nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe ń wọ bàtà láti máa lọ,
ó ju ìbọ̀sẹ̀ tó fọwọ́ hun sí mi láyà.
Pupa ni.
"Omi tútù o," ó ní, ó sì ti ilẹ̀kùn.