Ọjọ́ Kọkànlá

Ìbídàpọ̀, àbúrò mi,
ìtọ̀ rẹ ni mo kọ́kọ́ bá yọ̀.
Èmi olùkọ́ ìṣirò, àgbà obìnrin, láti Iléṣà dé Ifẹ̀,
mo dúró ti àpò rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ,
mò ń ka ẹ̀kán omi pupa rúsúrúsú
bí ẹni ń ka owó oṣù:
ogún, ọgbọ̀n, ààdọ́ta.
Kíndìnrín mi ti mọ ilé tuntun.
Ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìgba ìwé ìgbanisíṣẹ́.

Dókítà ti sọ ọ́ fún wa nínú yàrá kékeré yẹn,
tí fáànù rẹ̀ ń ké bí adìyẹ tó fẹ́ yé,
pé ara ènìyàn kì í gba àlejò tọwọ́tẹsẹ̀.
Ẹ̀ṣọ́ pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á bi í pé ọmọ ta ni ọ́?
Bó tilẹ̀ dárúkọ ìyá wa, wọn ò ní gbọ́.
Ìdí nìyẹn tí o fi ń gbé hóró mẹ́ta mì láàárọ̀, mẹ́ta lálẹ́,
kí àwọn ẹ̀ṣọ́ lè tòògbé,
kí àlejò lè ráyè jókòó.

Mo bi í pé bí ẹ̀ṣọ́ bá sùn,
olè ńkọ́?
Kò dá mi lóhùn kíá. Ó wo ọwọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlá ni ibà dé.
Kì í ṣe ibà ẹ̀fọn tí a mọ̀ nílé.
Èyí tí ń gbé inú ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ni,
tó ti jẹ oògùn títí, tí oògùn di oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.
Wọ́n ní ojú rọ́bà ìtọ̀ ló gbà wọlé.
Wọ́n ní ọwọ́ ló gbé e débẹ̀.

Ọwọ́ ta ni?
Mi ò sùn lórí bẹ́ǹṣì mọ́jú,
ojú abẹ ń ta mí níhà,
mò ń to àwọn ọwọ́ bí ọ̀daràn níwájú adájọ́:
ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ dókítà tó wọ aago,
ọwọ́ nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó ń sáré láàárín aláìsàn mẹ́rìndínlógún,
ọwọ́ Alàgbà Ọmọ́tóṣò tó wá láti Lágere,
tó gbé e lé ọ níkùn, tó ní kí gbogbo wa ṣe àmín,
àti ọwọ́ kan tó tún ìrọ̀rí rẹ ṣe lọ́sàn-án Sátidé
lẹ́yìn tó jẹ ẹ̀pà tán.
Ọwọ́ mi nìyẹn.

Àwọn àgbà ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún,
lọwọ́ fi ń mọ́.
Wọn ò sọ ohun tí àwọn méjèèjì yóò ṣe
lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ omi bá hó fììì,
tó tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀,
tó sì dákẹ́.

Ìyá Rèmílẹ́kún tó ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù
ló ru kẹ́ẹ̀gì méjì wá láti ìdí kànga láago márùn-ún.
Ó lu ihò sídìí ike kan, ó so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà,
ó ki ọṣẹ bọ ìbọ̀sẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó so ìyẹn náà rọ̀.
Nígbà tí dókítà àgbà dé pẹ̀lú ọmọlẹ́yìn mẹ́jọ,
ó na ọ̀pá ìnulẹ̀ dí wọn lọ́nà.
“Ẹ bọ́ aago. Ẹ fọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́.”
Wọ́n fọ̀ ọ́.

Aṣọ ni bàbá wa àgbà ń tà láwìn kiri ilẹ̀ Èkìtì.
Òṣómàáló ni. Á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
kò ní dìde títí owó yóò fi pé.
Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni mo fi lóṣòó síbí láti ọjọ́ mẹ́rin.
Ìwọ kọ́ ni mo wá sin lówó, Ìbídàpọ̀.
Ohun tí mo fún ọ, mi ò fún ọ láwìn.
Ibà yìí ni kó dìde lọ.

Oògùn kẹta ti wà nínú iṣan rẹ láti àná.
Ọyẹ́ ń fẹ́ lẹ́yìn fèrèsé.
Mo fọ ọwọ́ mi, mo jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀,
mo wọlé, mi ò fọwọ́ kàn ọ́.
Àpò yẹn ni mo wò.
Ẹ̀kán kan.
Mo dúró de ìkejì.