Ògiri Àká Vale Ruivo

Èmi ni wọ́n fún ní búrọ́ọ̀ṣì.
Ìgbìmọ̀ ìlú san owó ẹfun garawa mẹ́ta,
wọ́n ní kí n pa òòlù àti dòjé rẹ́
lára ògiri àká.
Àwòrán náà ti wà níbẹ̀ kí n tó mọ̀wé kà,
pupa rẹ̀ ti ṣí,
ó dà bí ojú ọgbẹ́ tó jinná láìsí oògùn.

N ò tíì ti búrọ́ọ̀ṣì bọ garawa
tí Felismina fi dé, ẹni ọdún mọ́kàndínláàdọ́rùn-ún,
ó gbé àga tirẹ̀ wá láti ilé,
ó gbé e ti ògiri, ó jókòó.
"Zeferino, kùn mí mọ́ ọn."

Kí n tó sọ pé ẹ jọ̀ọ́, ìlú ti pé.

Ìyá àgbà ní:
Ọdún tí a gba pápá òkè odò lọ́wọ́ onílẹ̀,
obìnrin mẹ́tàdínlógún la kórè àlìkámà rẹ̀,
a kó o sínú àká yìí, a jọ ti ilẹ̀kùn.
Ọdún náà ni mo kọ́kọ́ jẹ búrẹ́dì
láìwo ojú ẹni tó ń ka iye tí mo bù.
Ẹ pè é ní kọ́múnísíìmù, ẹ pè é ní wèrè.
Èmi pè é ní àyó.

Rodica tó ń gbálẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ sún síwájú,
ará Mọ́ídófà ni, kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ.
Ìyá, ó ní, ohun tí ẹ̀yin jẹ yó,
òun náà ló jẹ wá.
Dòjé yìí ló wà lára fìlà
ẹni tó kanlẹ̀kùn bàbá bàbá mi lóru.
Màlúù méjì péré ló ní. Wọ́n ní olówó ni.
Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n fi ń kó ẹran ni wọ́n tì í sí.
Ẹ̀wù òtútù rẹ̀ wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
ìyá àgbà wa kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé e,
títí kòkòrò fi jẹ ẹ́ ku bọ́tìnì.
Àràárọ̀ ni mo ń gba ibí kọjá.
Ṣé kí n máa kí i ni?

Ariwo ta.
Baltazar olùkọ́ ní ti ìwé ọ̀tọ̀, ti ọlọ́pàá ọ̀tọ̀.
Telmo ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín:
"Bàbá, ìwé yín náà ló ra fìlà fún ọlọ́pàá."
Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn:
"Ta ló ni pápá òkè odò báyìí?"
Gbogbo wa dákẹ́.
Ilé-iṣẹ́ kan ni, ní ìlú tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dé rí;
ó gbin ólífì ní ìlà ní ìlà bí itẹ́ sójà,
ẹ̀rọ ló ń ká a lóru.

Nígbà náà ni ilẹ̀kùn àká ṣí.
Dhan Bahadur yọjú, oorun ṣì wà lójú rẹ̀,
iṣẹ́ òru ló ti dé.
Àwọn mẹ́sàn-án ló ń sùn lẹ́yìn ògiri tí à ń jà sí,
a ti gbàgbé.
Ó fara balẹ̀ wá ọ̀rọ̀ èdè wa:
Ní Nẹ̀pálì, olóòlù àti dòjé ń wọlé ìjọba,
wọ́n ń jáde, wọ́n tún ń wọlé.
Èmi ṣì wá síbí.
Ẹ kùn ún o, ẹ má kùn ún o,
òrùlé ń jò.

Ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n; wọ́n dìbò.
Mọ́kànlélógójì ní kí n kùn ún, méjìdínlógójì ní kí n má kùn ún.
Mo dúró kí Felismina lọ mu ọbẹ̀ rẹ̀,
mo kùn ún kíákíá, bí olè.
Rodica ló gbé àga padà fún un.
N ò mọ ohun tí wọ́n jọ sọ.
Ó pẹ́ kó tó jáde.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lóṣù kẹwàá.
Ẹfun tó bá mu omi, ojú rẹ̀ a máa mọ́ gaara:
dòjé yọ, òòlù yọ, pupa wọn tutù ju ti àtijọ́ lọ.
Ìgbìmọ̀ pè mí. Wọ́n ní kí n tún un kùn.
Mo ní ẹ jẹ́ kó gbẹ ná.
Lókè, nínú òjò, Dhan ń kan ìṣó mọ́ òrùlé.
Òòlù mi ló yá.