Ọjà Tí Kò Pàtẹ

Bàbá mi, Ọnàfowókàn, kì í fi ojú ṣa obì.
Ọwọ́ ló fi ń ṣà á. Nínú ìsọ̀ wa ní Sábó, ní Ṣágámù,
ó lè di ojú méjèèjì kó máa fi àtàńpàkò bá gbàǹja sọ̀rọ̀:
eléyìí le, eléyìí ti ní kòkòrò nínú,
eléyìí ti ń bu, ẹ yọ ọ́ kó tó ran àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀.
Ogójì ọdún ló fi ń ṣí ewé gbòdògì lójú agbọ̀n
tí eruku funfun ń rú jáde, tó ń fà á símú,
tó ń sín, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń kà á lọ.

Ikọ́ dé. Wọ́n ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni.
Ìjọba fún un ní oògùn oṣù mẹ́fà, kò gba kọ́bọ̀.
Ó lò ó tán. Ikọ́ ò tán.
Wọ́n tún fún un ní ti oṣù mẹ́fà mìíràn,
ó tún lò ó, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wá ń pọ́n bí awẹ́ gbàǹja.

Dókítà Ṣómẹ́fun ló gbé fọ́tò àyà rẹ̀ sójú iná.
"Bàbá, ikọ́ ẹ̀gbẹ ti lọ, ó gbẹ́ ihò sílẹ̀.
Ohun tó ń mú obì bu ló wá ń gbénú ihò náà."
A wò ó. Ó rí roboto, ó dá jókòó
bí ẹyọ obì kan ṣoṣo nísàlẹ̀ agbọ̀n.
Bàbá nawọ́, ó fi àtàńpàkò tẹ gíláàsì náà.
"Eléyìí," ó ní, "ǹ bá ti yọ ọ́."

Ní ṣọ́ọ̀bù Arábìnrin Odùbẹ̀là ní Màkún
oògùn náà ò sí lórí pẹpẹ. Orúkọ rẹ̀ gùn: forikonásóòlù.
Èkó ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí, lẹ́yìn téèyàn bá ti sanwó.
Nígbà tó dárúkọ owó oṣù kan,
mo rò pé ti ọdún ló pè.
Bàbá ṣe bí ọlọ́jà, ó ná an.
Ó pè é ní ìlàjì. Ó yíjú padà, ó dé ẹnu ọ̀nà,
ó dúró kí wọ́n pè é.
Ẹnikẹ́ni ò pè é.

"Ọdún tí obì bá pọ̀, owó rẹ̀ a wálẹ̀.
Èyí ńkọ́, kí ló gbé e sókè?"
"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rà á ò pọ̀, bàbá.
Àwọn tó ń ṣe é ní, ta ni àwọn fẹ́ tà á fún?"
"Ta ló kà wá?"
Obìnrin náà ṣí dúrọ́ọ̀, ó tún tì í.
"Kò sẹ́ni tó kà yín. Àyẹ̀wò rẹ̀ ò sí nítòsí.
Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n máa ń kọ sí i, títí wọ́n á fi sin onítọ̀hún."

Wọ́n máa ń ní obì ni yóò bi ikú, obì ni yóò bi àrùn.
Bàbá mi ta obì fún ogójì ọdún.
Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A ta agbọ̀n mọ́kànlá, a ra ti oṣù kan.
Ẹni tí kì í fi ojú ṣa obì wá ń fi ojú ṣọ́ oògùn,
ó ń kà á lálaalẹ́ lórí àtẹ́lẹwọ́, bí ẹni pé yóò bímọ.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo mú ìwé ọmọ mi kan,
mo ń ti ìsọ̀ dé ìsọ̀: ta ló lo oògùn ikọ́ tán tó ṣì ń húkọ́?
Màlámù Dànládì. Ìyá Ṣófọ̀láhàn.
Ọmọkùnrin Ìpẹru tó ń hun agbọ̀n, tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.
Méje, nínú ìsọ̀ méjìlélógún.
Mo fẹ́ kó o lọ fún Odùbẹ̀là, kó fi hàn wọ́n l'Ékòó
pé ọjà rè é, kò kàn pàtẹ ni.

Bàbá gba ìwé náà, ó fọwọ́ pa á bí ẹni ń wá èyí tó bu.
"Fi ìlà kan sílẹ̀ nísàlẹ̀," ó ní.
"Fún ta ni?"
Ó húkọ́ díẹ̀, ó nu ẹnu.
"Èmi ò mọ̀ ọ́n. A kì í ka obì fúnni láì fi èènì sí i."