Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Òpó

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ayé, níbi tí ilẹ̀ Ṣílè ti ń tán lọ,
lórí òkè tí igi kankan ò lè nàró nítorí atẹ́gùn,
òpó irin kan dúró, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́,
okùn irin méjìlá ni wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀ bí ẹṣin olóríkunkun.
Eliseo Barría ló ń ṣọ́ ọ.
Ó ń bu epo dísù sí jẹnẹrétọ̀,
ó ń lé àgùntàn kúrò nídìí wáyà,
ó ń pààrọ̀ gílóòbù pupa orí ṣóńṣó
lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá gbà. Kì í sábà gbà.

Aago méje alẹ́ ni iṣẹ́ tí wọ́n ń rán síra wọn ń gba ibẹ̀ kọjá:
“Sí ìyá Ormeño ní Odò Jíjìn: ọmọ ti dé, obìnrin ni.
Ẹ mú ẹṣin wá sí afárá lọ́jọ́bọ̀.”
“Ẹni tó bá rí ajá dúdú kan, ẹsẹ̀ kan funfun…”
Asọ̀rọ̀mágbèsì là ń pè é nílé tiwa.
Eliseo mọ ẹni tó bímọ, ó mọ ẹni tó jẹ gbèsè.
Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí òun rí.
Ta ní ń ránṣẹ́ sí ọ̀nà?

Lóṣù keje, ìjì já okùn kan.
Ó jáde tòun ti tọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀mú,
yìnyín ń gbá a létí,
ni wáyà ọgbà tó ti dípẹtà bá lanu.
Kò bà á lẹ́rù. Agbára òpó ń mú irin sọ̀rọ̀;
ọmọrí kẹ́tùlù rẹ̀ ti ka iye owó irun àgùntàn fún un rí.
Ṣùgbọ́n lálẹ́ yìí:
“Sí Eliseo, nídìí òpó. Rosenda ni.
Mo ti ta ilé màmá. Mi ò ta àga rẹ̀.
Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, bí òkun bá gbà.”

Ọdún mọ́kànlá.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹnu sún mọ́ wáyà:
“Mo gbọ́.”
Wáyà ti kọjá lọ sórí ọ̀rọ̀ ajá. Wọ́n ti rí i.

Ọjọ́ Ẹtì, òkun ò gbà.
Ní Sátidé, afẹ́fẹ́ rọ díẹ̀;
ó pa ẹ̀rọ, ó gun òkè lọ,
gílóòbù pupa tuntun nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀,
ó fi ìbọ̀sẹ̀ wé e.