Aṣọ Tábìlì ní Barnsley

Wilf ní kò sí irú Thwaite mọ́:
aṣọ tábìlì ìgbà náà nípọn bí búláńkẹ́ẹ̀tì,
èéfín sìgá ṣíji bo iná,
síbẹ̀ ọkùnrin náà ń ta bọ́ọ̀lù dúdú wọhò
bí ẹni ń ti lẹ́tà gba abẹ́ ilẹ̀kùn.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín: "Bàbá àgbà,
Maddocks á nà án kí tíì yín tó tutù!"

Èmi tí mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá aṣọ náà lálaalẹ́,
mo rí ẹfun búlúù lẹ́bàá ihò.
N kò mọ ọwọ́ ìgbà wo ló já a sí.

Wilf dìde, ó mú igi rẹ̀.
Bọ́ọ̀lù pupa kan ṣoṣo. Ọwọ́ ń gbọ̀n.
Ó tàsé.

Ọmọ náà rọra gbé e padà síbi tó wà.
"Ẹ tún un ta."