Ẹ̀dà Mẹ́wàá

Ní Pańṣẹ́kẹ́, lẹ́yìn àwọn tó ń ta òkìrìkà,
ṣọ́ọ̀bù mi kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ.
Ẹ̀rọ kan, jẹnẹrétọ̀ kan, àga onírọ́bà méjì.
Ẹ̀dà ni mò ń tà.
Ìwé-ẹ̀rí gbogbo ayé ń gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá:
ti ẹni tó kọ́ òfin, ti ẹni tó kọ́ ọ̀sìn ẹja,
ti ẹni tó fi ọdún márùn-ún kọ́ nípa ilẹ̀ ní Àlàbàtà
tí kò sì ní pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo.
Mo mọ ìwúwo bébà wọn nínú òkùnkùn.
Kò sí ọ̀kan tó ní orúkọ mi lára.

Bàbá wa, gáàdì rélùwéè ní Láfẹ́ńwá,
ta ilẹ̀ Ọbáńtokò lọ́dún tí a gba fọ́ọ̀mù.
Owó náà tó ẹnìkan, kò tó ẹni méjì.
Ó pè wá sí ẹ̀yìnkùlé, èmi àti Ìbídùnní,
kò sọ̀rọ̀ títí ọkọ̀ ojú irin fi kọjá.
Èmi ni mo kọ́kọ́ la ẹnu:
“Ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ fún mi ní ìyókù kí n fi ra ẹ̀rọ.”
Wọ́n yìn mí. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n gidi ni mí.
Ẹ má yìn mí jù.
Mo ti fìdí rẹmi nínú ìṣirò lẹ́ẹ̀mejì,
ẹ̀rù ẹ̀ẹ̀kẹta ló bà mí.

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n pè é; ìyanṣẹ́lódì sọ ọ́ di mẹ́fà.
Kó tó parí, mo ti yí páànù orí ilé ìyá wa padà,
mo ra ọ̀kadà, mo tà á, mo jẹ gbèsè, mo san án.
Ọjọ́ tó gbà á, ṣọ́ọ̀bù mi ló gbà wá,
ó tú u jáde nínú ìborùn bí ẹni tú ọmọ tuntun.
“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bá mi ṣe ẹ̀dà mẹ́wàá.”
Mo ṣe é. N kò gba owó.
Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mẹ́wàá mìíràn.
Lẹ́yìn ọdún kan, ogún.
Nígbà tó yá, bí mo bá ti rí òjìji rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà,
mo ti ń tan ẹ̀rọ.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.
Lálẹ́ ọjọ́ kan, òjò ń bọ̀ láti apá Adátán,
oníbàárà kan gbàgbé ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sábẹ́ ìdérí ẹ̀rọ.
Mo gé bébà funfun tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi bo orúkọ rẹ̀,
mo tẹ bọ́tìnì aláwọ̀ ewé.
Ó jáde, ó gbóná, pẹ̀lú èdìdì, pẹ̀lú ìbuwọ́lù,
àlàfo kan sì wà láàárín bí ibi tí eyín ti yọ.
Mo fi báírò kọ Ṣóbọ̀wálé síbẹ̀.
Mo wò ó.
Ìkọ̀wé mi burú.
Mo fi nu yíǹkì tó dà sílẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ayánilówó kan ní Sápọ́n
fẹ́ fún mi lówó ẹ̀rọ ńlá.
Mo ti di báírò mú. Ìbídùnní gba ìwé náà,
ó ń kà á bí ẹni ń ṣa òkúta ìrẹsì,
ó fi èékánná lé ìlà tó kéré jù:
“Èlé oṣooṣù ni, kì í ṣe ti ọdọọdún.”
Gbólóhùn kan. Ó gba ṣọ́ọ̀bù là.
Ọdún mẹ́fà, ilẹ̀ Ọbáńtokò, gbólóhùn kan:
mo ṣì ń ṣe ìṣirò rẹ̀.
Ẹ sì ti mọ bí mo ṣe mọ ìṣirò tó.

Ó ti ń gbowó oṣù báyìí, ní Òkè-Mosàn,
owó tí kì í rí ogúnjọ́ oṣù.
Bó bá tán, ọ̀dọ̀ mi ló ń wá.
Bí lẹ́tà ìjọba bá dé bá mi,
ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń gbé e sá lọ.

Lánàá, Gbémilékè, ọmọṣẹ́ mi, dá ọwọ́ dúró:
“Ọ̀gá, fọ́ọ̀mù ni kí n rà, àbí ẹ̀rọ?”
Mo la ẹnu. Mo pa á dé.
Àwọn oníbàárà ti tò dé ojú títì,
olúkúlùkù di fáìlì mọ́ àyà.
Mo ní, “Lọ fa jẹnẹrétọ̀ ná.”